Robert Smalls: ẹrú tó di ọ̀gágun, ọ̀gágun tó di aṣòfin ní South Carolina

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1877, ilé ẹjọ́ kan ní Columbia, olú ìlú ìpínlẹ̀ South Carolina ní Amẹ́ríkà, dá ọkùnrin kan lẹ́bi pé ó gba rìbá. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekára ni wọ́n dá fún un. Ẹni tí wọ́n ń rán lọ sẹ́wọ̀n yìí kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Ọmọ ilé aṣòfin àpapọ̀ ní Washington ni lọ́jọ́ tí ìdájọ́ náà wáyé. Kó tó débẹ̀, ó ti lo ọdún mẹ́fà ó lé gẹ́gẹ́ bí aṣòfin ìpínlẹ̀. Títí di ọdún yẹn kan náà, ọ̀gágun ni nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ìpínlẹ̀ rẹ̀. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú ìgbà náà, ẹrú ni.

Robert Smalls ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ nípa rẹ̀ rí, òru ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń sọ fún un: òru tó gbé ọkọ̀ ojú omi sá mọ́ àwọn olówó rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà ogun. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà yọ orúkọ Chancellorsville, ìyẹn ìjà kan tí àwọn ológun ìhà gúúsù ti borí ní 1863, kúrò lára ọkọ̀ ogun kan ní 2023, nítorí òru yẹn ni wọ́n ṣe fi orúkọ Smalls rọ́pò rẹ̀. Ní 2024, ilé aṣòfin South Carolina ṣe òfin pé kí wọ́n gbé ère rẹ̀ sí ọgbà ilé ìjọba ní Columbia, níbi tí wọn kò tíì gbé ère sí fún ènìyàn dúdú kankan ní tirẹ̀ nìkan títí di ìgbà náà. N kò bá ẹnikẹ́ni du ìtàn òru náà, mo máa sọ ọ́ níbí pẹ̀lú. Àmọ́ wákàtí díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ gbà. Èyí tó yẹ ká tú wò dáadáa ni ohun tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ọkùnrin yìí ń fi ọwọ́ kan ṣe òfin, tó ń fi ọwọ́ kejì darí ọmọ ogun, nítorí pé ní South Carolina ìgbà náà, ìbò ènìyàn dúdú kò lè dá dúró láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Ọmọ ẹ̀yìnkùlé olówó

Ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 1839 ni wọ́n bí Smalls ní Beaufort, ìlú etí òkun, nínú ahéré tó wà lẹ́yìn ilé Henry McKee, ẹni tó ni ìyá rẹ̀. Lydia Polite ni ìyá náà ń jẹ́, inú ilé ló sì ti ń sin olówó rẹ̀. Erékùṣù ló pọ̀ jù ní agbègbè yìí, oko ìrẹsì àti oko òwú ló kún ibẹ̀, ènìyàn dúdú sì pọ̀ ju òyìnbó lọ fíìfíì. Gullah ni èdè wọn. Lorenzo Dow Turner, onímọ̀ èdè tó tẹ ìwé jáde lórí Gullah ní 1949, rí ọ̀pọ̀ orúkọ Yorùbá lẹ́nu wọn. Agbègbè Beaufort yìí kan náà ni abúlé Ọ̀yọ́túnjí, tí Ọba Adéfúnmi dá sílẹ̀ ní 1970, wà títí di òní. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ibẹ̀ jìnnà sí wa, kó tún èrò náà pa.

Nígbà tí Smalls pé ọmọ ọdún méjìlá, McKee fi í ránṣẹ́ sí Charleston, èbúté ńlá ìpínlẹ̀ náà, kí àwọn ẹlòmíràn máa háyà rẹ̀. Ó gbé oúnjẹ fún àlejò ní hòtẹ́ẹ̀lì, ó tan fìtílà ojú títì, ó ru ẹrù ní èbúté, ó rán ìgbòkun, nígbẹ̀yìn ó di ẹni tó ń tu ọkọ̀. Olówó rẹ̀ ló ń gba owó iṣẹ́ náà. Dọ́là kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń já sí òun lọ́wọ́. Ní 1856 ó fẹ́ Hannah Jones, ẹrú bíi tirẹ̀. Nígbà tó bèèrè iye tí òun máa san kí ìyàwó àti ọmọ òun tó bọ́ lóko ẹrú, 800 dọ́là ni wọ́n pè é. Ọgọ́rùn-ún péré ló rí kó jọ. Ẹni tó ń gba dọ́là kan lọ́sẹ̀, tí kò jẹ tí kò mu nínú rẹ̀, á lo ju ọdún mẹ́tàlá lọ kó tó rí ìyókù.

Òru Charleston

Charleston ni ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ti bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹrin 1861, nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù tó fẹ́ ya lọ nítorí oko ẹrú yìnbọn lu Fort Sumter, odi ogun ìjọba àpapọ̀ tó wà láàrin omi èbúté náà. Kí ọdún yẹn tó parí, wọ́n ti fi Smalls sórí Planter, ọkọ̀ tó ń kó òwú tẹ́lẹ̀ tí wọ́n wá sọ di ọkọ̀ tó ń kó ìbọn àti ọta láti odi kan dé òmíràn. Wọn kò jẹ́ pe ẹrú ní ọ̀gá atukọ̀, àmọ́ iṣẹ́ ọ̀gá atukọ̀ ló ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe mọ ibi tí omi ti jìn àti ibi tí iyanrìn ti ga, ó mọ ibi tí wọ́n ri àdó olóró sí lábẹ́ omi, ó sì mọ bí ọkọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ fun fèrè kí wọ́n tó jẹ́ kó kọjá níwájú odi kọ̀ọ̀kan.

Ní alẹ́ ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 1862, àwọn ọ̀gá òyìnbó mẹ́ta tó wà lórí Planter sọ̀ kalẹ̀ lọ sùn sínú ìlú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àṣẹ wà pé wọn kò gbọ́dọ̀ fi ọkọ̀ sílẹ̀ lóru. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, Smalls àti àwọn ẹrú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dáná sí ẹ̀rọ, wọ́n ta àsíá ìhà gúúsù, wọ́n yà gbé ìyàwó àti ọmọ wọn níbi tí wọ́n sá pamọ́ sí. Ènìyàn mẹ́rìndínlógún ni gbogbo wọn, obìnrin márùn-ún àti ọmọdé mẹ́ta wà níbẹ̀. Smalls wọ aṣọ ọ̀gá ọkọ̀, Charles Relyea, ó dé akẹtẹ̀ rẹ̀, ó sì dúró bí ọ̀gá náà ṣe máa ń dúró. Odi márùn-ún ni wọ́n kọjá níwájú rẹ̀. Ilẹ̀ ti ń mọ́ bọ̀ nígbà tí wọ́n dé Fort Sumter, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀. Ó fun fèrè bó ṣe yẹ, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì ní kó máa lọ. Ìgbà tó rí i pé ìbọn wọn kò lè dé ọ̀dọ̀ òun mọ́ ló sọ àsíá wọn kalẹ̀, ó sì fa aṣọ ibùsùn funfun kan sókè dípò rẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí USS Onward, ọkọ̀ ogun ìjọba àpapọ̀ tó kọ́kọ́ rí wọn, dáná ìbọn fún wọn kí aṣọ funfun náà tó hàn.

Ìbọn àgbá tó kó dé kò kéré: méjì tó jẹ́ ti ọkọ̀ náà, àti mẹ́rin mìíràn tí wọ́n fẹ́ lọ gbé sí odi kan. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lórí rẹ̀ níye lórí ju ìbọn lọ. Ó mú ìwé àmì tí àwọn ológun gúúsù fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ wá. Ó sọ ibi tí àdó abẹ́ omi wà. Ó tún sọ pé àwọn ológun náà ti kó kúrò ní Coles Island, erékùṣù tó ṣí ọ̀nà ẹ̀yìn sí Charleston. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ti gba erékùṣù náà láìjà. Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ilé aṣòfin àpapọ̀, ṣe òfin, Ààrẹ Abraham Lincoln sì fọwọ́ sí i, pé kí wọ́n pín ìdajì iye ọkọ̀ náà fún àwọn tó gbé e wá; 1,500 dọ́là ló kan Smalls. Iye tí wọ́n dá lé ọkọ̀ náà kéré ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ní 1900 Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì tún fún un ní 5,000 dọ́là sí i. Ọdún méjìdínlógójì ni ìyókù owó náà fi wà lọ́nà.

Ológun tí ìwé ológun kò mọ̀

Ìbéèrè kan wà tí àwọn òpìtàn ń jà lé lórí: ṣé ọmọ ogun ni Smalls ní tòótọ́? Ní oṣù kẹjọ ọdún 1862, òun àti oníwàásù Mansfield French lọ sí Washington, ó rí Lincoln àti Edwin Stanton, mínísítà ogun. Lẹ́yìn ìrìn àjò yẹn ni Stanton kọ̀wé àṣẹ sí Ọ̀gágun Rufus Saxton ní agbègbè Beaufort pé ó lè gba ènìyàn dúdú tó tó 5,000 sí iṣẹ́ ogun. Àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nìyẹn láti Washington. Ní oṣù kẹrin ọdún 1863, Smalls ló wà nídìí Keokuk, ọkọ̀ onírin kan tó lọ bá Fort Sumter jà. Nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọta ìbọn àgbá ló bà á, ó sì rì lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ọta bo Planter mọ́lẹ̀ nítòsí Folly Island. Ọ̀gá ọkọ̀ sá lọ fara pamọ́ síbi tí wọ́n ń kó èédú sí. Smalls gba ọkọ̀ náà, ó tù ú jáde kúrò nínú ìjà, wọ́n sì fi í ṣe ọ̀gá ọkọ̀ náà.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, òṣìṣẹ́ tí wọ́n háyà ni ìwé ìjọba pè é. Ó ń gba owó ọ̀gá ọkọ̀, àmọ́ kò sí ìwé tó fi í sípò ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú omi. Nígbà tó dàgbà tó béèrè owó ìfẹ̀yìntì ológun, wọ́n ní orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Àfi ìgbà tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ṣe òfin tirẹ̀ lọ́tọ̀ ní 1897 ló tó rí ọgbọ̀n dọ́là gbà lóṣù, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ ogun. Ní tèmi o, ẹni tí ìbọn ń bá jà, tí kò kúrò nídìí ọkọ̀, ológun ni. Àmọ́ ó dára kí òǹkàwé mọ̀ pé ipò ọ̀gágun tí wọ́n fi ń pè é, kì í ṣe inú ogun abẹ́lé ló ti rí i. Ìpínlẹ̀ South Carolina ló fún un, lẹ́yìn tó di aṣòfin.

Ní 1864 wọ́n gbé Planter lọ sí Philadelphia fún àtúnṣe. Oṣù bíi mélòó kan tí Smalls fi wà níbẹ̀ ló fi kọ́ ìwé kíkà. Ìlú yẹn náà ni wọ́n ti ní kó dìde kúrò lórí ìjókòó nínú ọkọ̀ èrò nítorí àwọ̀ rẹ̀, kó lọ dúró síta nínú òjò. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn. Àwọn tó ń jà kí òfin ọkọ̀ èrò yí padà kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú, títí tí Pennsylvania fi ṣe òfin ní 1867 pé ẹnikẹ́ni lè wọ ọkọ̀ náà.

Láti ilé McKee dé ilé aṣòfin

Nígbà tí ogun parí, Beaufort ni Smalls padà sí. Ó ti ra ilé ńlá tí wọ́n bí i sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé e tà nítorí owó orí tí àwọn onílé tó sá lọ kò san. Ẹni tó ń pe ilé náà ní tirẹ̀, De Treville, gbé e lọ sí kóòtù. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì dá Smalls láre ní 1878. Ìdájọ́ náà ṣe gbogbo àwọn tó ra ilẹ̀ àti ilé lọ́nà bẹ́ẹ̀ láǹfààní.

Òṣèlú tó wọ̀ ní 1867 kì í ṣe irú èyí tí a mọ̀. Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ti pín àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù sábẹ́ àwọn ọ̀gágun, àwọn ológun ló sì forúkọ ọkùnrin dúdú sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùdìbò fún ìgbà àkọ́kọ́. Láti ọjọ́ kìíní, ṣójà ló ń ṣọ́ àpótí ìdìbò. Ní South Carolina, níbi tí ènìyàn dúdú ti pọ̀ jù, ìbò náà yí gbogbo nǹkan padà. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó máa kọ ìwé òfin tuntun jókòó ní Charleston ní oṣù kìíní ọdún 1868, èyí tó ju ìdajì lọ nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Smalls, ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, wà lára àwọn tí Beaufort rán lọ.

Àbá tirẹ̀ níbẹ̀ ni pé kí ìpínlẹ̀ náà dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, kó jẹ́ ọ̀fẹ́, kó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ, kó sì jẹ́ dandan. Ó yẹ ká rántí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń bọ̀. Ṣáájú ogun, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin South Carolina láti kọ́ ẹrú ní ìwé. Ẹni tó ń dá àbá yìí kò tíì ju bí ọdún mẹ́rin lọ tó mọ ìwé kà. Ìwé òfin 1868 gba ilé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wọlé, ó sì ní kí ìjọba máa bójú tó o. Ní 1876, ọmọ tó wà nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà ti lé ní 120,000, dúdú àti funfun. Àwọn òyìnbó tálákà jẹ nínú rẹ̀ gan-an, nítorí kò sí ìjọba tó rójú tiwọn náà ṣáájú ìgbà yẹn. Bí wọ́n bá ní kí n mú iṣẹ́ kan ṣoṣo nínú gbogbo èyí tí Smalls ṣe, n kò ní mú Planter.

Ọdún 1868 yẹn náà ni wọ́n dìbò yàn án sí ilé aṣojú ìpínlẹ̀. Kò sí ìpínlẹ̀ mìíràn ní Amẹ́ríkà tí ènìyàn dúdú ti pọ̀ jù nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ rí. Ní 1870 ó bọ́ sí ilé aṣòfin àgbà, sí àyè tí Jonathan Jasper Wright fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n fi í ṣe adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà. Wọ́n tún yàn án ní 1872. Àwọn tó gbọ́ ọ rí sọ pé Gullah ló máa ń bá àwọn ará ilé rẹ̀ sọ níbi ìpolongo ìbò.

Ọ̀gágun tó ń wọ ilé aṣòfin

Ibí yìí ni iṣẹ́ ológun àti iṣẹ́ aṣòfin ti wọnú ara wọn. Àwọn tó fi bojú tí wọ́n ń pè ní Ku Klux Klan ti ń pa àwọn olùdìbò dúdú àti àwọn aṣáájú Republican, ẹgbẹ́ òṣèlú tí Smalls àti ọ̀pọ̀ olùdìbò dúdú wà, láti 1868. Ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tó kù ní ìpínlẹ̀ náà kò tó nǹkan. Gómìnà Robert Scott gbé ẹgbẹ́ ọmọ ogun ìpínlẹ̀ dìde, wọ́n pe dúdú pe funfun sí i, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òyìnbó kọ̀ láti bá dúdú tò pọ̀. Bí ẹgbẹ́ náà ṣe di ti ènìyàn dúdú nìyẹn. Ní 1870 ni Smalls wọ inú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá, nígbà tó di 1873 ó ti di ọ̀gágun àgbà tó ń darí ìpín kejì. Ní 1875 ó lọ sí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ní Washington, ipò ológun náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun méjì tó ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1876 fi irú agbára tí ipò yẹn ní hàn, ó sì fi ibi tí agbára náà mọ hàn pẹ̀lú. Ọ̀kan ṣẹlẹ̀ ní Hamburg, létí odò Savannah. Ní ọjọ́ 4 oṣù keje, àwọn ọmọ ogun ìpínlẹ̀ tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú ń yan lójú ọ̀nà, wọ́n sì ní aáwọ̀ pẹ̀lú òyìnbó méjì tó fẹ́ gba àárín wọn kọjá. Ní ọjọ́ 8, ọgọ́rọ̀ọ̀rún òyìnbó tó dìhámọ́ra ogun wá sí ìlú náà pé kí àwọn ọmọ ogun dúdú náà kó ìbọn wọn sílẹ̀. Òyìnbó kan kú nínú ìjà náà. Lẹ́yìn tí wọ́n ti kó àwọn ọmọ ogun dúdú, wọ́n ń pè wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń yìnbọn pa wọ́n. Ó kéré tán, ènìyàn dúdú mẹ́fà ló kú. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀wọ̀n nítorí rẹ̀. Matthew Butler tó ṣíwájú àwọn òyìnbó náà di aṣòfin àgbà ní Washington láàrin ọdún kan. Ọ̀dọ́ àgbẹ̀ olójú kan tó wà láàrin wọn, Ben Tillman, fi ọ̀ràn ọjọ́ náà ṣe fọ́ńté títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹ di orúkọ yẹn mú.

Smalls wà ní Washington nígbà tí ìròyìn náà dé. Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ń gbèrò láti kó ọmọ ogun lọ sí ẹnu ibodè Texas. Ó dìde, ó ka lẹ́tà ẹni tó rí ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ní kí wọ́n fi kún òfin náà pé kò sí ṣójà kan tó gbọ́dọ̀ kúrò ní South Carolina. Wọn kò gbà fún un.

Èkejì ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹjọ, létí odò Combahee, ní agbègbè tirẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní oko ìrẹsì daṣẹ́ sílẹ̀. Ìwé pélébé ni àwọn olóko fi ń san owó iṣẹ́ wọn, ìwé tí wọn kò lè ná níbòmíràn àfi ní ṣọ́ọ̀bù olóko fúnra rẹ̀, ní iye tó bá wù ú. Owó gidi ni wọ́n ń béèrè, wọ́n sì tún fẹ́ àfikún. Wọ́n lu àwọn tó kọ̀ láti bá wọn yanṣẹ́ lódì. Àwọn òyìnbó agbègbè náà gbé ìbọn, wọ́n jáde. Bó ṣe ku díẹ̀ kó di Hamburg kejì nìyẹn. Gómìnà Daniel Chamberlain ní kí Smalls lọ wò ó. Kò kó ọmọ ogun dání. Ó ní kí àwọn òyìnbó tó gbé ìbọn padà sílé, ó sì lọ bá ọgọ́rọ̀ọ̀rún òṣìṣẹ́ tó di kóńdó mú sọ̀rọ̀. Àwọn aṣáájú wọn gbà láti fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sí Beaufort níwájú adájọ́, adájọ́ sì dá wọn sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò kú. Smalls kọ̀wé sí gómìnà pé ìwé pélébé náà ló dá ọ̀ràn yìí sílẹ̀.

Mo ti ń ronú sí ìdí tí Combahee fi yàtọ̀ sí Hamburg. Ìwà Smalls ràn án lọ́wọ́, kò sí àní-àní. Àmọ́ ní Beaufort, dúdú ni ọ̀gá ọlọ́pàá, dúdú ni adájọ́, dúdú ni aṣòfin, àwọn tó sì lè gbé ìbọn bí ọ̀rọ̀ bá dojú rú pọ̀ ju ti àwọn olóko lọ. Àwọn òyìnbó tó padà sílé lọ́jọ́ náà mọ ìṣirò. Ní Hamburg, ìṣirò náà lọ sí ọ̀nà kejì.

Nígbà tí ṣójà lọ

Ìdìbò oṣù kọkànlá ọdún 1876 kún fún ìbẹ̀rù. Àwọn ẹlẹ́wù pupa tó ń ti Wade Hampton, ẹni tí ẹgbẹ́ òṣèlú Democrat fà kalẹ̀ fún ipò gómìnà, lẹ́yìn ń gun ẹṣin kiri pẹ̀lú ìbọn, wọ́n ń tú ìpàdé Republican ká. Ẹgbẹ́ méjèèjì ní àwọn borí, gómìnà méjì jókòó ní Columbia fún oṣù mélòó kan. Ní oṣù kẹrin ọdún 1877, Ààrẹ tuntun, Rutherford Hayes, kó ṣójà kúrò ní ilé ìjọba ìpínlẹ̀ náà. Hampton wọlé. Wọ́n gba ipò ọ̀gágun lọ́wọ́ Smalls láàrin ọdún yẹn, wọ́n sì gbé ẹjọ́ rìbá dìde sí i.

Ẹjọ́ náà lọ báyìí: nígbà tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ìwé títẹ̀ ní ilé aṣòfin àgbà, ó gba 5,000 dọ́là lọ́wọ́ Josephus Woodruff, akọ̀wé ilé náà, ẹni tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń tẹ ìwé fún ìjọba. Woodruff náà ni ẹlẹ́rìí pàtàkì, wọ́n sì ti ṣèlérí fún un pé wọn kò ní fi ìyà jẹ ẹ́ bó bá sọ̀rọ̀. A kò gbọ́dọ̀ díbọ́n níhìn-ín. Jìbìtì wà nínú ìjọba Republican ìgbà náà, owó ìwé títẹ̀ sì wà lára ibi tó ti rùn jù. Mi ò lè búra fún Smalls. Ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀ lé ìdájọ́ náà sọ púpọ̀ nípa èrò àwọn tó pè é lẹ́jọ́. Ó lo ọjọ́ mẹ́ta lẹ́wọ̀n, ó gba béèlì. Ní 1879, Gómìnà William Simpson dárí jì í, nínú àdéhùn pé ìjọba àpapọ̀ náà á jáwọ́ nínú ẹjọ́ tó ní pẹ̀lú àwọn Democrat tó ṣe màgòmágó ìbò. Smalls sọ lẹ́yìn náà pé wọ́n ti fi owó lọ òun kí òun lè fi ipò Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì sílẹ̀, òun kò sì gbà. Olè tí wọ́n bá ń wá ní tòótọ́, wọn kì í fi ṣe pàṣípààrọ̀.

Ìyókù iṣẹ́ rẹ̀ ní Washington jẹ́ ti ẹni tí ilẹ̀ ń yọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ó pàdánù ní 1878 sọ́wọ́ George Tillman, ẹ̀gbọ́n Ben tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní Tillman tún borí ní 1880, àmọ́ Smalls pe ìbò náà lẹ́jọ́, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì sì dá a láre ní 1882. Ó tún padà ní 1884. Ní 1886 ó pàdánù pátápátá. Láàrin ìgbà náà, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ti ṣe òfin àpótí mẹ́jọ ní 1882: àpótí kan fún ipò kan, ìbò tó bá bọ́ sínú àpótí tí kì í ṣe tirẹ̀ di òfo. Ẹni tí kò mọ ìwé kà kò lè mọ èyí tó jẹ́ ti gómìnà àti èyí tó jẹ́ ti Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì. Wọn kò nílò ìbọn púpọ̀ mọ́. Ní 1889, Ààrẹ Benjamin Harrison fi Smalls ṣe olórí kọ́sítọ́ọ̀mù ní èbúté Beaufort, ipò tó dì mú títí di 1913, yàtọ̀ sí ọdún díẹ̀ tí àwọn Democrat fi wà lórí oyè.

Ìgbà tó kẹ́yìn tó jókòó láàrin àwọn tó ń ṣe òfin ni 1895. Ben Tillman ti ṣe gómìnà, ó ti di aṣòfin àgbà ní Washington, ó sì pe ìgbìmọ̀ tuntun jọ láti fa ìwé òfin 1868 ya. Nǹkan bí mẹ́fà nínú mẹ́wàá ará ìpínlẹ̀ náà ni ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Nínú ọgọ́jọ (160) ọmọ ìgbìmọ̀, mẹ́fà péré ni. Ẹ wo àwọn méjì tó kojú ara wọn nínú yàrá yẹn: ọ̀kan ti inú ogun dé ilé aṣòfin, èkejì ti Hamburg dé ibẹ̀. Tillman kò fi ohun tí ìpàdé náà wà fún pamọ́. Ẹni tó bá fẹ́ dìbò gbọ́dọ̀ ti gbé ìpínlẹ̀ náà fún ọdún méjì, kó ti san owó orí oṣù mẹ́fà ṣáájú, kó sì lè ka èyíkéyìí nínú ìwé òfin náà, tàbí kó ní dúkìá tó tó 300 dọ́là. Òyìnbó tó wà ní ibùdó ìforúkọsílẹ̀ ló máa sọ ẹni tó kà á dáadáa.

Smalls àti àwọn márùn-ún yòókù bá wọn fa ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú àlàyé àti ìṣirò, asán ló já sí. Nígbà tí ìgbìmọ̀ náà dé orí òfin pé dúdú àti funfun kò gbọ́dọ̀ fẹ́ ara wọn, Smalls dìde, ó ní òun fẹ́ fi gbólóhùn kan kún un: òyìnbó ọkùnrin tó bá ń bá obìnrin dúdú gbé pọ̀ kò gbọ́dọ̀ di ipò ìjọba kankan mú. Ọ̀pọ̀ nínú yàrá náà mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá wí. Wọ́n dìbò pa á.

Lórí ilé ẹ̀kọ́, wọn kò lè pa ohun tó dá sílẹ̀ ní 1868 run. Àwọn òyìnbó tálákà tí Tillman ń ṣojú fún kò ní gbà. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé òfin pé ọmọ dúdú àti ọmọ òyìnbó kò gbọ́dọ̀ jọ kàwé pọ̀, lẹ́yìn náà wọ́n dín owó ti àwọn ọmọ dúdú kù. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa fọwọ́ sí i, Smalls kọ̀. Wọ́n ní ẹni tí kò bá fọwọ́ sí i kò ní gba owó ìrìn àjò. Ó dá wọn lóhùn pé òun á fẹsẹ̀ rìn padà sí Beaufort.

Ó kú ní ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 1915, ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Aṣòfin dúdú tó kẹ́yìn ti kúrò ní ilé ìgbìmọ̀ South Carolina ní 1902, kò sì sí òmíràn tó wọlé títí di ìdìbò 1970. Ìwé òfin 1895 náà ni ìpínlẹ̀ yìí ṣì ń lò, lẹ́yìn àtúnṣe tí kò lóǹkà. Orúkọ Robert Smalls kò sí láàrin àwọn tó fọwọ́ sí i.